Mẹ́jọ Kọ́, Mẹ́fà Ni

Tíṣà Ọ̀nàbámirò kọ ìbéèrè náà sójú pátákó dúdú,
ẹfun ń ké lọ́wọ́ rẹ̀ bí eku inú àjà:
Kápẹ́ńtà kan gun kẹ̀kẹ́ láti Ìlíṣàn lọ sí Ṣágámù,
ká pe ọ̀nà náà ní kìlómítà méjìlá.
Ní àlọ, ó ń sáré kìlómítà méjìlá ní wákàtí kan.
Ní àbọ̀, ó ń rin mẹ́rin péré.
Kí ni ìpíndọ́gba eré rẹ̀?

Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi.
Wọ́n mọ kápẹ́ńtà náà.
Òun ló kan bẹ́ǹṣì tí a jókòó lé.

Mo yára. Méjìlá àti mẹ́rin, mẹ́rìndínlógún;
mo là á sí méjì bí ẹni ń la àgbọn.
Mẹ́jọ.
Mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ kí ó lè dá Tíṣà lójú.
Bírò pupa ló fi ya àgbélébùú lé e.

Mo gbé ìwé náà lọ bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù,
kì í kúkú ṣe pé ó mọ̀wé kà.
Ó ní kí n ka ìbéèrè náà sí òun létí lẹ́ẹ̀mejì,
ó bú sẹ́rìn-ín,
ìyẹ̀ pákó ń já bọ́ nínú irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé ìbejì ni àlọ àti àbọ̀?
Àlọ mi, wákàtí kan:
afẹ́fẹ́ ń tì mí lẹ́yìn, n kò ru nǹkan kan.
Àbọ̀ mi, pákó mẹ́fà ni mo fi rọ́bà dè mọ́ kẹ̀kẹ́,
kò ṣeé gùn mọ́, èmi ni mò ń tì í.
Wákàtí mẹ́ta! Bi àtẹ́lẹsẹ̀ mi.
Mo kàn yà kí ìyára ni;
ọ̀dọ̀ ìfàlẹ̀ ni mo gbé.
Ìwọ wá pín in lọ́gbọọgba fún àwọn méjèèjì?
Tíṣà yín ò tilẹ̀ ka ibi tí mo ti dúró mu omi."

Ó yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí,
ó fa ìlà sára pákó tó ń fá lọ́wọ́,
ọ̀kan fún àlọ, mẹ́ta fún àbọ̀.
"Méjìlá lọ, méjìlá bọ̀, mẹ́rìnlélógún.
Pín in fún ìlà wọ̀nyí."
Mẹ́fà, ni mo wí. Ohùn mi ò jáde dáadáa.

Mo bi í bóyá irọ́ wá ni mẹ́jọ mi.
Ó ronú, ó fẹ́ ìyẹ̀ kúrò lójú ayùn.
"Kì í ṣe irọ́. Ìbéèrè mìíràn ló dáhùn.
Ká ní mo gùn ún fún wákàtí kan,
mo tì í fún wákàtí kan,
mo sì jókòó síbẹ̀, ó parí,
mẹ́jọ rẹ tọ̀nà.
Àmọ́ n kò tíì dé Ìpẹru nígbà yẹn,
kìlómítà mẹ́jọ ṣì kù,
ìyá rẹ ti tan àtùpà,
ìkọ́kọrẹ́ ti dì nínú ìkòkò.
Ṣé ojú ọ̀nà lo fẹ́ kí n sùn ni?"

Ní àárọ̀ yìí mo wa mọ́tò gba ọ̀nà náà
kí ìròyìn orí rédíò tó parí.
Mo dúró ti bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.
Láti ibẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìṣísẹ̀ mọ́kàndínlógún.
Ó di ògiri mú, ó dúró,
ó wo fọ́tò ìyá mi, ó dúró,
ó tún rìn, ó tún dúró.
Gbogbo ìdúró yẹn ni mo kà mọ́ ọn.

Nígbà tó jókòó tán, ó mí kanlẹ̀,
ó bi mí pé, "Mélòó ni?"
Mo ní, "Mẹ́fà."
Ó ní, "Irọ́ ni, kò tó bẹ́ẹ̀,"
ó sì nawọ́ sẹ́yìn etí rẹ̀,
ó ń wá pẹ́ńsù.